Tọ̀yìbátù Nílé Àna Oníwáìnì

Nínú ìjọ wa, obìnrin kan ṣoṣo ló ń jẹ́ Díákónẹ́ẹ̀sì Tọ̀yìbátù, mi ò sì rò pé irú rẹ̀ tún wà níbòmíràn ní gbogbo Dublin. Ilé ìmàle ni wọ́n ti bí i n'Ísẹ́yìn. Ọkọ tó fẹ́, Olúníyì, ọmọ oníwàásù ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló fà á wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rì í bọmi, pásítọ̀ ní kó yan orúkọ tuntun, pé Rúùtù yóò bá a mu. Tọ̀yìbátù dúró nínú omi tó dé àyà, òtútù ń gbọ̀n ọ́n, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, láti kékeré ni Ọlọ́run ti mọ̀ mí sí Tọ̀yìbátù. Tó bá wá di ọjọ́ àjíǹde tí wọ́n ń pe Rúùtù, ta ni yóò dáhùn? Oorun ni màá máa sùn ní tèmi." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi tutù, òun náà sì wà nínú ẹ̀, ló bá rì í tòun ti orúkọ rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu Tọ̀yìbátù kó tutù.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ni òun àti ọkọ rẹ̀ dé Ireland, tí wọ́n ní kí ìjọba fi àwọn sí abẹ́ ààbò. Oyún wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó wọn sí òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan létí òkun, níbi tí wọn ò ti gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, tí wọn ò sì gbọdọ̀ dáná. Oúnjẹ wà o. Pòtétò sísè ni lọ́sàn-án, pòtétò gígún ni lálẹ́. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á din pòtétò kí inú àwọn èèyàn lè dùn. Nígbà tó sú Tọ̀yìbátù, ó lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Moore Street ní Dublin, ó yá sítóòfù oníná kékeré lọ́wọ́ ọmọ Kóńgò kan, ó sì ń din dòdò nínú balùwẹ̀. Èéfín gba òrùlé. Aago iná bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì náà tú jáde sínú òjò pẹ̀lú aṣọ ìsùn, àwọn panápaná dé, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ń pariwo pé ta ni. Tọ̀yìbátù na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ kejì rẹ̀ ló fi gbé abọ́ dòdò, ó sì ní kí àwọn panápaná tọ́ ọ wò kí wọ́n tó dá òun lẹ́jọ́. Wọ́n tọ́ ọ wò. Abọ́ ṣófo kí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì tó dákẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ sí ìyẹn. Wọ́n ti gba ìwé, wọ́n ti ní ilé ní Balbriggan. Tọ̀yìbátù ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀. Olúníyì ń wa bọ́ọ̀sì, ó sì jẹ́ díkínnì àti olórí àwọn tó ń gba èèyàn wọlé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọtí lágbára lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í jẹ kéèkì Kérésì tí aládùúgbò bá gbé wá, torí kò mọ ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀. Kó tó mu oògùn ikọ́, yóò ka ẹ̀yìn ìgò náà títí ikọ́ yóò fi lọ fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń darí ààwẹ̀ kan tó pè ní ogun ẹ̀mí ìgò. Tọ̀yìbátù, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin, máa ń gba ààwẹ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì máa sọ fún wa pé, "Ọkọ mi ń sá fún ọtí bí ẹni pé ọtí ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó wá mu òun."

Oyún tí mo sọ yẹn ti di Tẹniọlá. Ó gbọ́ Yorùbá bí omi, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ní ìgbà ooru èṣí, ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wálé, nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀, ó ga bí òpó iná, irun orí rẹ̀ pupa, Fiachra lorúkọ rẹ̀. Tẹniọlá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ó nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì débi pé orí rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó forí gbá tábìlì, tíì Olúníyì sì dà sílẹ̀.

"Kí lorúkọ tó o pè?" Olúníyì bi í, ó ń nu itan rẹ̀.

"Fíákíra, sà."

Olúníyì yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá. "Fìyà kí ni? Ìyá Tẹni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'fìyà', ṣé kò ní fìyà jẹ ọmọ wa?"

"Bàbá Tẹni," Tọ̀yìbátù ní, "ẹ̀yin tí orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Olú', ìlú wo lẹ ti jọba?"

Olúníyì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó béèrè ohun tí àwọn òbí ọmọ náà ń ṣe. Fiachra wo Tẹniọlá. Tẹniọlá yára fèsì pé àgbẹ̀ ni wọ́n. Oko kí ni? Oko èso. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá àgbà. Kí ni bàbá ń jẹ́? Malachy.

"Málákì!" Olúníyì fò dìde. "Wòlíì ìdámẹ́wàá! Àgbẹ̀ tún ni! Olúwa, o ṣeun." Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́, ó ti rí ohun tó ń wá.

Tọ̀yìbátù ní tirẹ̀ ti rí ojú tí àwọn ọmọ méjèèjì fi wo ara wọn. Nígbà tí Fiachra lọ tán, ó bá Tẹniọlá ní kíṣìnnì, níbi tó ti ń kó àwo sínú press, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe kọ́bọ́ọ̀dù.

"Èso wo ni?"

"Grapes, Mam."

"Àjàrà. Ṣé wọ́n ń kó o lọ sọ́jà ni?"

Tẹniọlá ti press. "They make wine, Mam. The fizzy one." Ó wá ṣàlàyé pé bí àwọn Faransé ṣe ń ṣe ṣáńpéènì wọn gan-an ni àwọn èèyàn Fiachra ṣe ń ṣe tiwọn, nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, òfin ni ò jẹ́ kí wọ́n pè é ní ṣáńpéènì.

Tọ̀yìbátù jókòó sórí àpótí. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó fi aṣọ ìnuwọ́ di ẹnu ara rẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa dé pálọ̀. "Bàbá ẹ! Bàbá ẹ tó ń ka ẹ̀yìn ìgò oògùn ikọ́!"

"So will you tell him?"

"Èmi kẹ̀? Jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ojú àwọn èèyàn náà, kó tó rí ìgò wọn."

Ni wọ́n bá fi ìpàdé sí oko Malachy ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá àti ọmọ lọ ra iṣu ní Moore Street, èyí tó gùn bí apá, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Olúníyì wọ léèsì funfun, ó fi fìlà funfun lé e, torí láti ibẹ̀ ló máa gba ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Coolock lọ, níbi tó ti fẹ́ gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ fún ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Irú funfun wo nìyí! Ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú báàgì.

Oko náà wà lórí òkè kan lẹ́yìn Balbriggan, tí èèyàn ti ń rí òkun. Àjàrà tò lọ ní ìlà-ní-ìlà lórí wáyà, ewé wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Malachy jáde wá pẹ̀lú bàtà òjò, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí oòrùn àti atẹ́gùn jọ lù. Ó ní màlúù lòun ń sìn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn màlúù ò fẹ́ràn òun, òun náà ò sì fẹ́ràn wọn.

Olúníyì rí àjàrà, ẹ̀mí bà lé e. Ó di ẹ̀ka kan mú, ó ń wàásù nípa ẹ̀ka tó ń so àti ẹ̀ka tí wọ́n ń gé dànù. Malachy bọ́ fìlà, ó tẹrí ba, ó rò pé òkú kan ni wọ́n ń rántí. Tọ̀yìbátù wà lẹ́yìn, ó ń gbàdúrà ní tirẹ̀ pé kí òjò rọ̀ kí gbogbo àwọn lè padà sílé láì wọnú ibi ìgò. Òjò Ireland tí kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́ yẹn kò rántí wọn.

Wọ́n wọ inú ilé gígùn tí wọ́n ti ń fún wàrà màlúù láyé ijọ́un. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, ó ń rùn bí ilé búrẹ́dì. Ìgò kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Àwọn kan sùn sílẹ̀, àwọn kan doríkodò nínú pákó oníhò. Fiachra ti bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má ṣe pe wáìnì ní wáìnì. Malachy ò sì mọ ohun mìíràn tó lè pè é, ló bá ń pè é ní yoke, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibí ń lò fún ohunkóhun tí wọn ò rí orúkọ fún.

"Tí a bá ti fún èso náà, a ó jẹ́ kí yoke yẹn jókòó lórí ara rẹ̀ títí ìgbà òtútù á fi kọjá," Malachy ní. "A ó wá rọ yoke sínú ìgò, a ó fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i, a ó dé e pa. Ìwúkàrà á máa jẹ ṣúgà, á máa mí. Èémí rẹ̀ ò ríbi jáde, á bá wọnú yoke. Òun ló máa ń hó yẹn."

"Júùsì onígáàsì," Olúníyì ní, ó ń mi orí. Ó ti yọ fóònù, ó ń ya fídíò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó máa ń pẹ́ tó níbẹ̀?" Tọ̀yìbátù béèrè.

"Ọdún méjì. Ìgbà míì ọdún mẹ́ta."

Tọ̀yìbátù fọwọ́ kan ìgò kan. "Ẹ tì í mọ́lé, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ ò jẹ́ kó jáde fún ọdún mẹ́ta. Malachy, mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Èmi náà ti gbébẹ̀ rí. Tiwa ò ní ṣúgà, pòtétò ni."

Malachy wò ó, kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó rí i pé Tọ̀yìbátù ti ń rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kàn án léjìká díẹ̀ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ìwúkàrà náà, tó bá jẹun tán, yóò kú, yóò sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á gbé ìgò sínú pákó, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà á fi sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn rẹ̀. Tí wọ́n bá wá ṣí i, agbára èémí inú rẹ̀ á ta gbogbo ìdọ̀tí náà jáde, èyí tó kù á mọ́ kedere. Wọ́n á fi nǹkan dídùn díẹ̀ dí àyè tó ṣófo, wọ́n á sì dé e padà.

"Ṣé ẹ fẹ́ ṣí ọ̀kan?" ó bi Tọ̀yìbátù.

Ìbá sọ pé rárá. Àmọ́ Tọ̀yìbátù ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Malachy fún un ní gíláàsì tí wọ́n fi ń bo ojú, ó fún un ní irin ìṣígò, ó ní kó di ìgò náà mú dáadáa, kó kọjú rẹ̀ sí ìdajì àgbá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kó rọra gbé ọrùn rẹ̀ sókè, kó sì ṣí i lójú ẹsẹ̀. Tọ̀yìbátù gbọ́ gbogbo rẹ̀, àyàfi ibi tó ti ní kó rọra. Olúníyì súnmọ́ tòun ti fóònù rẹ̀, kó lè rí i dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ yí padà láti béèrè pé ṣé báyìí ni.

Gbàù!

Ìdérí fò kọjá etí Malachy. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ba fìlà díkínnì, èéhó tẹ̀ lé e, ó bá léèsì láti ọrùn dé ìdodo. Fóònù bọ́. Ìgò nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. Omi kan ṣàn láti iwájú orí Olúníyì, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ wá sí ètè. Ahọ́n rẹ̀ sì jáde lọ pàdé rẹ̀, torí ahọ́n kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ díkínnì.

Ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ là.

"Ìyá Tẹni."

"Bàbá Tẹni."

"Èyí kì í ṣe júùsì."

"Rárá o. Kì í ṣe júùsì."

"Kí ni?"

Malachy ń wo bàtà rẹ̀. "A yoke," ó ní.

"It's wine, Dad," Tẹniọlá ní. "I'm sorry. It's wine."

Olúníyì mú fóònù rẹ̀ nílẹ̀, ó rìn jáde, omi ń kán lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Ó lọ dúró ti ọkọ̀, ó sì rántí pé inú báàgì ìyàwó òun ni kọ́kọ́rọ́ wà. Òjò tí Tọ̀yìbátù ti gbàdúrà fún wá rántí wọn báyìí.

Tẹniọlá bú sẹ́kún nínú ilé ìgò. Fiachra ń pa á mọ́ra, ó ń wo ìyá Tẹniọlá bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Ojú ti Tọ̀yìbátù díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa. Ó ronú pé bóyá òun ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe àwàdà jù. Ṣùgbọ́n ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń hó, ó ń ṣòfò sílẹ̀. Àwọn ìmàle tó bí i ti ní kó má mu ún, àwọn Kristẹni tó gbà á tún ní kó má mu ún, kò sì tíì mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń fi pa mọ́. Ló bá mu díẹ̀. Ó ní ó dà bí ápù tí inú ń bí. Ó tún mu díẹ̀ sí i láti mọ ohun tó ń bí i nínú.

Níta, obìnrin arúgbó kan tó mú ọ̀pá yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé. Nóra ni, ìyá Malachy. Ó rí ọkùnrin aláṣọ funfun nínú òjò, ó ní kó yára wọlé kó má bàa kú sí àgbàlá òun. Àgbà ló sọ̀rọ̀. Olúníyì wọlé. Nóra mú tówẹ̀lì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu orí rẹ̀ bíi ti ọmọdé. Ó dáwọ́ dúró, ó fa imú.

"O ń rùn bí ilé ọtí lọ́jọ́ àjọ̀dún."

"Mà, mi ò mutí rí láyé mi!" Olúníyì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Èmi náà ò mu ún rí," Nóra ní.

Ó na ìka sí báàjì kékeré kan tó wà láyà búláòsì rẹ̀, tí àwòrán ọkàn Jésù wà lára rẹ̀. Ó ní láti ọmọdébìnrin lòun ti ṣèlérí fún Olúwa pé ọtí ò ní kan ètè òun, àwọn tí àwọn sì jọ ṣèlérí lọ́jọ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ti fi ọtí gbé ìlérí náà mì. Òun ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, báàjì náà ṣì wà láyà òun.

Olúníyì wo báàjì, ó wo fèrèsé tó kọjú sí ilé ìgò. "Mà, ta ló wá ń yí gbogbo ìgò yẹn lójoojúmọ́?"

"Èmi ni. Tí mo bá ti gbọ́ Máàsì tán lórí rédíò."

"Ẹ ń yí i, ẹ ò tọ́ ọ wò?"

"Ọmọ mi," Nóra ní, "ọkọ mi sin màlúù níbí títí ó fi kú. Kò fẹ́ ìkankan nínú wọn níyàwó. Ó kéré tán, bó ṣe sọ fún mi nìyẹn."

Olúníyì sọ fún wa pé òun ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní inú ń bí òun, aṣọ òun ti bàjẹ́, wọ́n ti tan òun jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gba imú rẹ̀ jáde. Nóra fún un ní tíì. Nígbà tó ń mu ún, ó sọ fún un, láìfi ṣe àwàdà, pé lẹ́yìn ikú ìyàwó Malachy, ọmọ òun mutí títí òun fi ń wá a kiri nínú kòtò ojú ọ̀nà. Ọdún tó gbin àjàrà ló yí padà. Kò mu ju ife kan lọ mọ́, ó ní òun ti mọ iye wàhálà tó wà nínú ìgò kan. "Ọmọ-ọmọ mi rí gbogbo ìyẹn," ó ní, "kì í mutí yó. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ wọ ilé burúkú."

Nígbà tí Olúníyì padà sí ilé ìgò, Nóra ló fà á lọ́wọ́, tówẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ẹ̀ṣẹ́ tán. Ó lọ dúró síwájú Fiachra.

"Ṣé wàá gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ mi?"

"Láéláé, sà."

"Ṣé wàá máa mutí yó?"

"Rárá, sà."

"Ìdámẹ́wàá ńkọ́?"

"Bàbá Tẹni!" Tọ̀yìbátù ké.

"Ó dáa, ó dáa. Ẹ lọ gbé iṣu wá nínú ọkọ̀."

Àmọ́ Olúwa ò tíì bá díkínnì ṣeré tán. Ọjọ́ ti lọ, àyè pípààrọ̀ aṣọ kò sí, ó ní láti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ bọ́ sí M1, Tọ̀yìbátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Tẹniọlá wà lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ kúrò ní títì márosẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró. Olúníyì yí wíńdò sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí ọlọ́pàá kó tó la ẹnu. Ọmọbìnrin ni ọlọ́pàá náà, ó fà sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ ti mu nǹkan lónìí, sà?"

"Never! In my life!"

Ọmọbìnrin náà wo fìlà tó ti di aláwọ̀ ìyeyè, ó wo léèsì. Ó wo Tọ̀yìbátù, tí òsúkè ń ṣe. Ó mú ẹ̀rọ wá, ó ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Olúníyì fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo ipá tó fi ń gbàdúrà. Òdo. Ọlọ́pàá gbọn ẹ̀rọ náà, ó ní kó tún fẹ́ ẹ. Òdo. Ni Olúníyì bá kígbe "Halelúyà!" lójú títì, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn rò pé ìjà ló dé.

"Ẹ fún èmi náà," Tọ̀yìbátù ní, "ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ wò."

"Mam, no!" Tẹniọlá ní láti ẹ̀yìn.

"You're grand," ọlọ́pàá ní, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà, "off you go," ó sì ń bo ẹnu.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí wà níbi ìpàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìlà kejì ni mo jókòó. Mo lè jẹ́rìí pé ìjọ ò tíì di ojú wọn bí wọ́n ṣe dì í lọ́jọ́ náà, wọ́n sì di imú mọ́ ọn. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti kárí. Pásítọ̀ pe Tọ̀yìbátù sí ọ́fíìsì, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ó mu wáìnì. Ó ní òótọ́ ni. Ó bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní ó ká òun lára pé òun ò rí gbogbo rẹ̀ mu, torí ọkọ òun ló gba èyí tó pọ̀ jù. Pásítọ̀ ní kó fi ipò olórí ẹgbẹ́ aládùúrà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tọ̀yìbátù dúpẹ́ tọkàntọkàn, ó ní orúnkún òun ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi.

Sátidé tí ẹgbẹ́ aládùúrà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ṣófo, ilé Nóra ló ń lò ó. Àwọn méjèèjì á gbọ́ Máàsì lórí rédíò, Tọ̀yìbátù á máa sọ "Àmín" níbi tí kò yẹ. Wọ́n á wá wọ ilé ìgò, wọ́n á máa yí ìgò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọkọ wọn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń tọ́jú arúgbó, Nóra nìkan ni arúgbó tó ń tọ́jú òun.

Lẹ́yìn Ọjọ́ Àjíǹde ọdún yìí, Tẹniọlá di ìyàwó Fiachra. Ìgò méjì ló wà lórí tábìlì àwọn òbí, ọ̀kan jẹ́ ti Malachy, ọ̀kan jẹ́ omi lásán, Nóra àti Olúníyì sì mu omi náà pẹ̀lú ìgbéraga tó tó mu ènìyàn yó.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, èso pọ́n, àwọn èèyàn tí yóò ká a fún Malachy ò tó. Ni Tọ̀yìbátù, tí wọ́n ti dá padà sí ipò, bá kó gbogbo ẹgbẹ́ aládùúrà lọ sóko, èmi náà wà níbẹ̀. A wọ bàtà òjò, a de gèlè mọ́ orí pinpin nítorí atẹ́gùn òkun, a ń kọrin bí a ṣe ń ká a. Malachy ní àwọn tó ń ká èso fóun tẹ́lẹ̀ kì í kọrin, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ èyí tó pọ̀ tó báyìí. Olúníyì wà ní ìlà tirẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun tó fi ń gba èèyàn wọlé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gé ìdì èso kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù, ó ń tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fi àlejò jókòó. Mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí iṣẹ́ yìí.

"Èso ni mò ń ká," ó dá mi lóhùn. "Ohun tó bá dà lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́wọ́ mi, ó di ọ̀rọ̀ Málákì àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀."

"Bàbá Tẹni," Tọ̀yìbátù pè é láti ìlà kejì, ẹnu rẹ̀ kún fún èso, "ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín yá, òjò ń bọ̀."